Títún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe ló kọ́ mi ní ìkọ̀wé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọṣẹ́ ìròyìn, tẹ́ ẹ sì fẹ́ máa ṣe freelance, ìyẹn kẹ́ ẹ máa kọ̀wé fún oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ láì gbaṣẹ́ síbi kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sá fún iṣẹ́ olóòtú o. Èmi sá fún un gan-an, mo rò pé iṣẹ́ àwọn tí ò lè kọ nǹkan fúnra wọn ni, àfìgbà tówó tán lọ́wọ́ mi tí mo gbà á tipátipá. Mo ti kọ ìròyìn kóòtù, mo ti kọ ti ìlera, mo ti kọ ìpolówó, mo ti bá ẹlòmíì kọ ìwé tórúkọ mi ò sí lára ẹ̀, kò séyìí tó là mí lójú tó títún iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe.

Iṣẹ́ kan wà tí mo tún ṣe tí mi ò lè gbàgbé, ẹni tó kọ ọ́ fi ìpínrọ̀ mẹ́ta sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, òjò ń ṣú, ewé ń mì, ìgbà tó dé ìkẹrin ló tó wá sọ pé afárá já. Afárá já kẹ̀! Mo gé òjò dànù, mo gbé afárá lọ sókè. Nígbà tó dalẹ́ mo ṣí iṣẹ́ tèmi tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́, àṣé òjò kan náà ló ń rọ̀ níbẹ̀.

Nọ́ńbà náà ń kọ́? Mo ti fi mílíọ̀nù síbi tó yẹ kó jẹ́ bílíọ̀nù rí, olóòtú méjì kà á, òǹkàwé ló rí i. Látìgbà yẹn mo máa ń tẹ iṣẹ́ mi sórí pépà, màá kà á sókè, màá fi bírò yí gbogbo nọ́ńbà àti orúkọ po, màá wá yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ìkọ̀wé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tún yàtọ̀ ṣá, AP, ìwé òfin ìkọ̀wé táwọn oníròyìn ń lò, ní kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ nọ́ńbà dé mẹ́sàn-án, Chicago, èyí táwọn tó ń ṣe ìwé jáde ń lò, ní títí dé ọgọ́rùn-ún.

Tówó bá kàn, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà kan: ṣé tí wọ́n bá gbà á ni wọ́n á sanwó ni àbí tó bá jáde? Iṣẹ́ mi kan sùn sọ́wọ́ ìwé ìròyìn kan fóṣù mẹ́jọ, "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀," kò jáde, kò sí kill fee, ìyẹn owó tí wọ́n ń san tí wọn ò bá lo iṣẹ́ náà mọ́, nínú àdéhùn, mi ò rí kọ́bọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì rí "all rights", ìyẹn gbogbo ẹ̀tọ́, nínú àdéhùn, ẹ ti tà á tilé-tilẹ̀ nìyẹn, ẹ ò lè gbé e lọ síbòmíì mọ́.

Ọjọ́ tí mo bá fiṣẹ́ ránṣẹ́ náà ni mo ń fi invoice, ìwé tí mo fi ń béèrè owó mi, tẹ̀ lé e, torí tó bá ti dọjọ́ kejì, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.