Olúwa ò jẹ́ kí n kú sí Kubwa: mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá ẹnu géètì wa

Ẹ bá mi yin Olúwa. Ẹ bá mi yìn ín dáadáa. Mo ti lè gun àtẹ̀gùn ilé yìí láì dúró mí lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò kí yín kú ọdún, ìdáhùn rèé: ásímà ló fẹ́ pa mí mọ́jú Kérésì 2024.

Ẹ mọ̀ pé mi ò wálé ọdún, mo dúró sí Kubwa ní Abuja níbí. Ẹ sì mọ̀ pé wọn ò san owó oṣù kọkànlá fún wa, ti oṣù kejìlá náà ò tíì wọlé títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Oṣù kìíní ni owó ilé mi ń pé, owó ilé-ìwé àbúrò mi sì wà lọ́rùn mi. Ní oṣù kẹwàá 2024 ni bẹntiróòlù kọjá ẹgbẹ̀rún náírà fún lítà kan níbí, ẹ sì mọ ohun tí ojú ń rí ní gáréèjì Utako àti Jabi tí Kérésì bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Owó tí n bá fi gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja àti Kábbà wálé, kí n tún fi padà, ó ju owó oúnjẹ mi fún oṣù kan lọ. Mo ní kí n dúró.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nítorí pé mo dúró, Ọlọ́run ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní mo ti di ará Abuja, owó ni mò ń há. Àǹtí mi kan kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, níṣojú ọmọdé níṣojú àgbà, pé ásímà tí mò ń pariwo rẹ̀ kiri, àwáwí ni, pé ṣe ni mò ń sá fún èéfín igi kí n má baà bá wọn dáná ọdún. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àwọn kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Ìmúra tèmi ò pọ̀. Mo ra ìrẹsì mudu mẹ́ta (abọ́ tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ lọ́jà níbí) àti ẹ̀wà mudu kan lọ́jà Kubwa, mo ra tòmáàtì tó pọ̀ nítorí àsìkò rẹ̀ nìyí lókè ọya, mo sè é gbẹ, mo fi epo sí i kó má bàjẹ́. Nígbà yẹn, àpò ìrẹsì kan ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024. Ẹnì kan ní kí n lọ tò fún ìrẹsì ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní Maitama. Àyà mi ò gba èrò, mi ò lọ. Ọjọ́ 21 oṣù kejìlá nìyẹn, èèyàn mẹ́wàá ló kú níbẹ̀ nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ọmọdé 35 kú ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti lọ jẹ ọdún. Mo sunkún àwọn ọmọ yẹn bíi pé èmi ni mo bí wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń kọ ọ́ kiri pé ojúkòkòrò ló pa àwọn tó lọ tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ebi ò ṣe é fi bú èèyàn.

Lálẹ́ ọjọ́ 24, ọyẹ́ le. Eruku ti bolẹ̀ láti ọ̀sán débi pé a ò rí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa mọ́. Àyà mi ti ń há láti ìrọ̀lẹ́. Inhaler ọwọ́ mi, ike oògùn tí alásímà ń fà sẹ́nu, ti ń lọ sópin, ilé oògùn tí mo ti máa ń rà á ti tilẹ̀kùn fọdún, èyí tó ṣí ní tòun ti tán. Láti 2023 tí ilé iṣẹ́ tó ń mú èyí tá a mọ̀ jù wá ti kúrò ní Nàìjíríà ni owó rẹ̀ ti fò kọjá apá mẹ̀kúnnù. Nígbà tí òru jìn, mo fi í sẹ́nu, mo tẹ̀ ẹ́, kò sóògùn níbẹ̀ mọ́.

Ẹni tí kò ní i rí lè rò pé èémí tá a fẹ́ fà sínú nìkan ni ìṣòro. Èyí tó wà nínú tí kò jáde ló ń dẹ́rù bani. Àyà á kún, kò ní sọ̀, súfèé á sì máa dún nínú ara. Mo pe ilé, ó dún títí. Mo tún pè. Tí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e, ohùn wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀? Iná ti lọ, fóònù náà kú. Gbogbo ará ọgbà wa ti lọ sílé wọn. Mo wọ́ dé ìdí àdògán, mo mú ọmọrí ìkòkò, mo sì ń fi gbá irin ojú fèrèsé. Ohun tó wà lọ́kàn mi nígbà yẹn ni pé Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ oṣù kìíní ni wọ́n máa tó wá bá òkú mi níbí. Èyí bà mí lẹ́rù ju ikú lọ.

Bàbá ẹnu géètì gbọ́.

Ará Katsina ni Bàbá, ó ti dàgbà, orúnkún ń dùn ún. Pẹ̀lú orúnkún yẹn náà ló fi sáré gòkè. Mo ti kọ́kọ́rọ́ sí i lábẹ́ ilẹ̀kùn. "Sannu, 'yata, sannu," ìyẹn pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ohun tó ń sọ nìyẹn títí. Kò jẹ́ kí n dùbúlẹ̀. Ó gbé mi jókòó, ó ní kí n tẹ̀ síwájú, kí n gbọ́wọ́ lé itan, nítorí irú rẹ̀ ló ń ṣe àbúrò rẹ̀. Ó sáré lọ jí ọmọkùnrin kan tó mọ̀, tó ń wa kẹ̀kẹ́ NAPEP, ó padà wá pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yin ará Abuja mọ ohun tójú àwọn èèyàn ti rí lọ́wọ́ àwọn one chance, àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ èrò gbé èèyàn. Bàbá jókòó tì mí títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Ilé ìwòsàn ní ká kọ́kọ́ sanwó. N ò ní dárúkọ yín. Àmọ́ Òfin Ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2014, abala 20, sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú ewu, ohun yòówù kó fà á. Ẹ lọ kà á. Bàbá ò mọ òfin kankan. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó yọ owó tó fi rọ́bà dì, owó tó ń tù jọ de ààwẹ̀ oṣù kẹta, ó kà á sórí tábìlì wọn, náírà lórí náírà. Kò bi mí ìgbà tí n ó san án. Wọ́n wá fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n oògùn bí ìrì bò mí nímú, nígbà tó yá àyà mi ń tú díẹ̀díẹ̀. Nọ́ọ̀sì obìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́, Ọlọ́run á bù kún ọ, ìwọ nìkan lo pè mí lọ́mọ níbẹ̀.

Láàárọ̀ Kérésì, Bàbá gbé kunu gbígbóná àti àkàrà wá fún mi. Mùsùlùmí ni, ó ń bá mi ṣọdún tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ fún mi nígbà tí mo ń bọ̀ ní Abuja pé kí n má fọkàn tán Gàm̀bàrí, ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin tẹ ń bá mi jẹ orúkọ kan náà, ibo lẹ wà lóru yẹn?

Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ ń ka èyí. Ìwé ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ mi, mo ti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè, ó bẹ̀ mí, mo ti gbà.

Ẹni tó bá ní ásímà, tówó ò tó, ẹ ra inhaler kejì kẹ́ ẹ tó ra adìẹ. Ẹ fi aṣọ tútù dí ojú fèrèsé nígbà ọyẹ́. Ẹ má tan kọ́ìlì ẹ̀fọn sínú yàrá. Ẹ fún ẹnì kan tó wà nítòsí ní kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ sì fi 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, sórí fóònù yín. Ẹ má sì yá owó lórí fóònù lọ ṣọdún nílé, tẹ́ ò bá tètè san án, àwọn tó yá yín lè fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ mọ̀.

Mo ti yá owó Bàbá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo ti dá a padà fún un pé. Ìdúpẹ́ mi di Sunday yìí, ọjọ́ 5 oṣù kìíní 2025, lẹ́yìn ìsìn, nínú ọgbà wa. Bàbá ló máa jókòó sórí àga àárín. Ìrẹsì wà, kò pọ̀, ẹ wá.