Mo Ní Àbújá Ni Mò Ń Gbé

Odindi ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún àwọn ará ilé wa ní Òṣogbo pé Àbújá ni mò ń gbé. Mararaba ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Keffi yóò ti máa rẹ́rìn-ín: bí ọkọ̀ bá ti kọjá Nyanya báyìí, Àbújá ti tán nìyẹn, ìpínlẹ̀ Nasarawa lẹ wà. Ṣùgbọ́n Garki, nínú Àbújá gan-an, ni ibi iṣẹ́ mi, aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ń jí kí gósíló Nyanya tó dì, mo sì gbà pé ẹni tó bá jìyà Àbújá tó bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ rẹ̀.

Orúkọ yẹn wọ́n ju ilé lọ. Lójú àwọn ará ilé, láti ọdún 1991 tí ìjọba ti kó olú-ìlú kúrò ní Èkó ni owó ti ń ṣàn lójúlé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń dáwó òkú, náírà 5,000 ni ti àbúrò mi tó wà ní Ìkìrun, 25,000 ni tèmi. Mo sì ń san án. Mo yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tí mi ò rówó ọkọ̀ lọ. Léèsì náà ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀ títí dòní, aláwọ̀ ewé. Mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn àwọ̀ ewé.

Ìyá Gbagyi kan ń gbé lẹ́yìn ilé wa, àwọn tí Hausa ń pè ní Gwari, àwọn tó wà lórí ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé ìjọba síbẹ̀. Èjìká ni wọ́n fi ń ru igi ìdáná, kì í ṣe orí. Mo bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní orí lọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba. Èmi ọmọ Yorùbá tó ń kí orí mi láràárọ̀, ẹrù gbogbo ẹbí ló wà lórí mi.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Tíṣà, ní àwọn ń bọ̀ wá rí dókítà ojú ni àṣírí fẹ́ tú. Mo lọ pàdé wọn ní gáréèjì Jabi. A kọjá Berger, a kọjá AYA, a wọnú gósíló. Ní Nyanya, wọ́n ní, "Ṣé a ò tíì dé ni?" Mo ní, "A ti fẹ́ dé, sà." Ẹni tó fi ọdún 35 kọ́ni ní jọ́gíráfì ni mò ń dá lóhùn báyẹn o. Wọ́n ka pátákó tó kí wa káàbọ̀ sí Nasarawa tán pátá, wọ́n wò mí, wọ́n kọjú sí fèrèsé padà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò nínú yàrá kan àti pálọ̀ mi. Wọ́n rí mai ruwa tó ń fi ọmọlanke gbé kẹ́ẹ̀gì omi wá, wọ́n rí bí mo ṣe ń ṣírò iye kẹ́ẹ̀gì tí agbára mi ká. Mò ń retí ìwàásù, kò dé.

Nígbà tí wọ́n padà, mo pe màmá mi kí n lè tètè jẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ jù. Bàbá Tíṣà ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ilé mi tutù, pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé omi wá bá mi.

Mo ti rò pé èmi nìkan ló ń parọ́. Àṣé irọ́ náà wúlò fún àwọn náà: ẹni tó lọ́mọ ní Àbújá ń rí ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nírú ipò mi, mi ò ní kí ẹ lọ kéde lórí WhatsApp ẹbí. Àpò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ owó oṣù mi sílẹ̀, owó ilé, owó ọkọ̀, gbèsè. Mo wá kọ iye tí mo lè fi ránṣẹ́ sílé, mi ò sì kọjá rẹ̀ mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ní, "3,000 ló wà lọ́wọ́ mi," kẹ́kẹ́ pa lórí fóònù. Wọ́n gbà á.

Màmá mi nìkan ni mo ṣàlàyé Mararaba fún, tààrà. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ṣé ò ń jẹun?" Mo ní mò ń jẹun, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa. Má sọ fún ìyá Bọ́sẹ̀ o."