Ẹ ka ìwọlé èkúté kí ẹ tó dárúkọ ìrántí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ yàrá ìwádìí láti yẹ ewé ìsọ̀yè àwọn baba wa wò, oògùn tí a fi ń mú kí èkúté gbàgbé ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa. Scopolamine, tí ó wà nínú gẹ́gẹ́mu, ni a sábà máa ń lò: mílígíráàmù 1 fún kílò ìwọ̀n ara kan, tí a óò gún sínú ikùn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ṣáájú ìdánwò. Ibi tí ó yẹ kí acetylcholine, tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, jókòó sí ni ó ń gbà, ìrántí a sì padà nígbà tí agbára rẹ̀ bá tán. Nítorí náà, ewé tí ó borí scopolamine kò tíì borí àrùn ìgbàgbé Alzheimer, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń kú.

Nínú àpótí ẹlẹ́ka mẹ́ta tí a ń pè ní Y-maze, èkúté tí ìrántí rẹ̀ pé kì í sábà padà sí ẹ̀ka tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀. A óò ka iye ìgbà tí ó wọ ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra láìtún ọ̀kankan wọ̀, a óò yọ 2 kúrò nínú iye gbogbo ìwọlé rẹ̀, a óò sì fi ohun tí ó kù pín iye ìgbà náà, kí a tó sọ ọ́ di ìdá nínú 100. Ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀: ewé púpọ̀ ló ń mú oorun wá, èkúté tí oorun ń kùn tí ó wọ ẹ̀ka mẹ́ta péré, tí ó sì dùbúlẹ̀, lè gba 100 nínú 100. Scopolamine pẹ̀lú máa ń mú kí èkúté sáré kiri. Èrò mi ni pé iye ìwọlé ni ó yẹ kí ó wà nínú tábìlì àkọ́kọ́ yín, kí ẹgbẹ́ kan sì wà tí yóò mu ewé nìkan láìgba scopolamine. Ẹgbẹ́ yìí ni a máa ń fẹ́ yọ nígbà tí èkúté bá wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́. Kí ẹni tí ń ka ìwọlé má sì mọ ohun tí èkúté kọ̀ọ̀kan mu.

Ẹ fi ewé yín wé donepezil, oògùn àrùn Alzheimer tí kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè bàjẹ́. Ẹ̀wà Calabar tí àwọn Efik fi ń dán ẹni tí wọ́n fura sí wò ni a ti rí physostigmine, tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, nítorí náà ilẹ̀ wa kì í ṣe àlejò nínú ìmọ̀ yìí.

Kí ẹ tó sá ewé rárá, ẹ mú ẹ̀ka rẹ̀ tòun ti òdòdó lọ sí Forest Herbarium, ibi ìkójọ ewé gbígbẹ tí a ti dá mọ̀, ní Ìbàdàn kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, nítorí ewé tí wọ́n ń fi orúkọ kan pè ní Ìjẹ̀bú lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń fi orúkọ náà pè ní Èkìtì.