Kọ́sítọ́mà: Ìtumọ̀ Rẹ̀ Lọ́jà àti Ní Báǹkì

Ní ọjà Èkó, "kọ́sítọ́mà" kì í ṣe orúkọ ẹni tó ń rajà nìkan. Ìyá aláta máa ń pè mí bẹ́ẹ̀, èmi náà sì ń pè wọ́n ní kọ́sítọ́mà mi, nítorí pé àjọṣe tó ti pẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, òun náà ló sì ń jẹ́ kí wọ́n fi èènì lé ata mi.

Ní báǹkì, ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀ṣọ́ ara ògiri: "Oníbàárà ni ọba." Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ gbé owó mi mì, wákàtí méjì ni mo fi tò, nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ni wọ́n sì béèrè. Ó dùn mí gan-an. Ìyá aláta mọ̀ pé ilé wa kì í fẹ́ rodo púpọ̀. Tàtàṣé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bù fún mi.