Àmín Tí Mi Ò Ráyè Ṣe Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin Seoul

"Sikkeureowo." Ẹni tó bá ti gbé Kòríà fún oṣù mélòó kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ó túmọ̀ sí pé ariwo pọ̀ jù. Bàbá arúgbó kan ló sọ ọ́ sí mi lójú gbogbo èrò lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ohun tó sì pè ní ariwo ni àmín tí mò ń ṣe sí àdúrà ìyá mi. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa. A ti parí ìdánwò, mo sì ti pinnu pé n ó fi odindi ọjọ́ kan wo ìlú tí mo ti ń gbé láti oṣù mẹ́jọ, nítorí kò síbi tí mo mọ̀ ju ilé ìkàwé àti yàrá mi lọ. Mo wọ Láìnì 2 ní Sinchon, mo bọ́ ní Euljiro 3-ga, mo wọ Láìnì 3 lọ sí ààfin Gyeongbokgung. Bẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ọkọ̀ báyìí, ẹ ò ní san owó mìíràn. Káàdì kan náà lẹ ó fi kan ẹ̀rọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọlé àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde, bíi káàdì Cowry l'Ékòó.

1395 ni wọ́n kọ́ ààfin náà. Mo wo àwọn ẹ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ara wọn ní aago mẹ́wàá, pẹ̀lú ìlù ńlá. Ṣùgbọ́n ère Ọba Sejong, ní gbàgede Gwanghwamun níwájú ààfin, ló dá mi dúró jù. Ó jókòó, ó la ìwé sọ́wọ́ òsì. Òun ló ṣe álífábẹ́ẹ̀tì Kòríà ní 1443, tó sì kéde rẹ̀ ní 1446, nítorí pé lẹ́tà Ṣáínà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ le jù fún mẹ̀kúnnù. Títí dòní, ọjọ́ ìsinmi ni 9 Oṣù Kẹwàá nítorí àwọn lẹ́tà yẹn. Inú mi dùn sí i, ó sì ká mi lára. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, owó ìtanràn ló ń san.

Ebi lé mi dé ọjà Gwangjang, lẹ́bàá ibùdókọ̀ Jongno 5-ga. Ọlọ òkúta ni mo kọ́kọ́ rí, ẹ̀rọ ló ń yí i, ẹ̀wà tútù tí wọ́n ti bó sì ń ṣàn jáde létí rẹ̀ bí ẹ̀wà àkàrà gan-an. Bindaetteok ni wọ́n ń pe oúnjẹ tí wọ́n ń fi í ṣe. Wọ́n á po èèhù ẹ̀wà mọ́ ọn, wọ́n á dà á sínú òróró gbígbóná, á fẹ̀ bí àwo. Etí rẹ̀ á pọ́n, á máa ta pápá, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Kò sí ata rodo níbẹ̀, kò sí ẹ̀kọ gbígbóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ òórùn yẹn gbé mi délé. Mo pe ìyá tó ń dín in ní "imo", bí gbogbo oníbàárà ṣe ń pè é, ìyẹn àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na owó sí i, orúnkún mi sì tẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gé díẹ̀ sí i fún mi. Ènì!

Láti ibẹ̀ mo gba Láìnì 1 dé Dongmyo, mo wọ Láìnì 6 pé kí n lọ ra èlùbọ́ ní àdúgbò Itaewon. Aago méjì ọ̀sán ti lù, aago mẹ́fà àárọ̀ ní Ìbàdàn, àkókò àdúrà màmá mi. Téèyàn bá ṣe àmín wúyẹ́wúyẹ́, màmá mi á dúró: "N ò gbọ́ àmín rẹ o." Mo fi íápíìsì sétí, mo tẹrí ba, mo fọwọ́ bo ẹnu. O ó ṣoríire. Àmín. A ò ní fi ọ́ ṣàwátì. Àmín! O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà...

Ibẹ̀ ni bàbá náà ti fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀. Mo dìde, mo tẹrí ba, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì pa fóònù mọ́ ìyá mi lẹ́nu.

Mo mọ òfin ọkọ̀ wọn. Àgbà sì ni bàbá náà. Nílé pẹ̀lú, àgbà lè ní kí n panu mọ́, n ó sì kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọbìnrin méjì ti ń rẹ́rìn-ín kèékèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ibùdókọ̀ Sindang, kò wò wọ́n. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ṣófo láti Dongmyo, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn wà lóòró. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń bá àga òfìfo yẹn rìn. Kò sẹ́ni tó bú mi nípa rẹ̀ rí, n ò sì lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Nínú mọ́tò Micra láti Ìwó Road sí Òjóò, bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún mi lórí fóònù, awakọ̀ á bá mi ṣe àmín, ìyá tó gbé adìyẹ lẹ́yìn á bá mi ṣe é.

Ẹnu ọ̀nà 3 ló yẹ kí n gbà jáde ní Itaewon. Omi lójú ò jẹ́ kí n wo àmì, ẹnu ọ̀nà 1 ni mo bá ara mi. Mo rìn díẹ̀, mo gbójú sókè, ọ̀nà tóóró yẹn ló wà níwájú mi, tó dà gẹ̀rẹ́ wá sí títì. Níbẹ̀ ni èrò ti fún ara wọn pa ní alẹ́ 29 Oṣù Kẹwàá 2022. Èèyàn 159 ló kú, àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, 26 sì jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ mìíràn bíi tèmi. Wọ́n kàn jáde lọ gbádùn ara wọn ni. Àwọn èèyàn lẹ ìwé kéékèèké mọ́ ibẹ̀. Mo lè kà díẹ̀ nínú wọn, nítorí lẹ́tà Ọba Sejong rọrùn. Mo rí "ọmọ mi ọkùnrin". Mo rí "ọmọ mi obìnrin".

Ọ̀nà tí ebi pa nìyí. Èmi ò sì tíì ṣe àmín.

Fóònù ń gbọ̀n lápò mi. Màmá mi ti pè lẹ́ẹ̀méje. N ò lè gbé e, ọ̀fun mi ti dí. Mo padà sínú ọkọ̀ láìra èlùbọ́. Ìpè kẹjọ bá mi kí a tó dé Noksapyeong, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gbé e.

Kò bèèrè ìdí tí mo fi pa á. Ó ní, "Ṣé àlàáfíà lo wà? Níbo la bá a dé?"

Mo ní, "Ibi ọ̀nà tí ebi ń pa, mà."

Ó tún un sọ. Mo ṣe àmín yẹn sókè gan-an, ó dún nínú ibùdókọ̀ náà látòkè délẹ̀. Ọkọ̀ kan dé, ó lọ. Òmíràn dé, a ò tíì parí.