Ìlù tí mo kúnlẹ̀ wò ní Toluca

Ọwọ́ ń yún mi. Ìlù wà níwájú mi, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, ẹ̀ṣọ́ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wò mí bí ẹni tó ti mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Toluca ni, ní Mẹ́síkò. Ìlú Malinalco ni ìlù ọ̀hún ti wá. Huehuetl ni àwọn Aztec, àwọn tó jọba ní Mẹ́síkò kí àwọn ará Sípéènì tó dé, ń pe irú rẹ̀. Odindi ìtì igi ni wọ́n gbẹ́ nínú, wọ́n fawọ bò ó lórí, wọ́n wá gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú láyé àtijọ́.

Mo kúnlẹ̀ kí n lè rí ara rẹ̀ dáadáa. Idì àti jágúà, ẹranko tó jọ ẹkùn, ni wọ́n fín sí i, tijó tàsíá. Nǹkan kan ń jáde lẹ́nu wọn: omi àti iná tó lọ́ mọ́ra, àmì ogun lọ́dọ̀ àwọn Aztec. Kí ẹnikẹ́ni tó lu ìlù náà, ọ̀rọ̀ ti wà lára rẹ̀.

Èkejì rẹ̀, teponaztli, kò lawọ rárá. Ìtì igi tó dùbúlẹ̀ ni, wọ́n la ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yọ ahọ́n méjì, kọ̀ǹgọ́ olórí rọ́bà ni wọ́n sì fi ń lù ú. Ohùn méjì péré! Mo ti fojú di í tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo rí bí wọ́n ṣe kọ ìró ìlù sínú Cantares Mexicanos, àkójọ orin ní Nahuatl, èdè àwọn Aztec, láti nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600: ti, to, ki, ko, wọ́n tò ó lóríṣiríṣi. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí bí wọ́n ṣe ń lù ú gan-an. Ẹni tó bá ti gbọ́ onílù tó ń fẹnu pe ìlù kó tó lù ú yóò mọ ìdí tí mo fi rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ní gbàgede Zócalo ní olú ìlú wọn, mo bá àwọn oníjó tó so èso gbígbẹ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n pagbo yí huehuetl ká. Ọ̀pá ni onílù tiwọn ń lò. Inú mi ò dùn sí i, àmọ́ àyà mi ń mì tìtì.

Ahoro Templo Mayor, tẹ́ńpìlì ńlá àwọn Aztec, ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun Pedro de Alvarado, balógun ará Sípéènì, ti ya bo agbo ijó ọdún Toxcatl, ní oṣù karùn-ún ọdún 1520. Àwọn tó ròyìn rẹ̀ fún Sahagún, àlùfáà tó kọ ìtàn wọn sílẹ̀, ní onílù ni wọ́n dojú kọ: wọ́n gé e lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n wá bẹ́ ẹ lórí.

Nígbà tí agbo tú, onílù Zócalo ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá awọ náà pẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e sọ́kọ̀.