Avignon ni mo fẹ́, Nîmes ni Bàbá Tóbi fẹ́

Ìsọmọlórúkọ la bá lọ sí Paris láti London. Nígbà tí ìnáwó parí, ó ku ọjọ́ díẹ̀ tí a ó padà, ni Bàbá Tóbi bá ní kí á lọ fi ojú kan gúúsù ilẹ̀ Faransé. Mo ní ó dáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dùn mọ nìyẹn.

Ọmọ ìjọ Àgùdà ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé àwọn Póòpù kan fi Róòmù sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó sí Avignon. Láti 1309 títí di 1377 ni wọ́n fi wà níbẹ̀, Póòpù méje ló jẹ tẹ̀lé ara wọn, ààfin tí wọ́n kọ́ sì dúró di òní. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Bàbá Tóbi ní, “Ilé tí Póòpù ti kó kúrò nínú rẹ̀, kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀?”

Mo fi àwòrán afárá Avignon hàn án, èyí ló tún wá ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ pátápátá. Afárá náà ti lé ní 800 ọdún. Odò Rhône ti gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ, ojú 4 péré ló ṣẹ́kù nínú 22. Ó gbéra ní bèbè odò, ó dé àárín omi, ó dúró síbẹ̀. Wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gun orí rẹ̀.

“Ìyá Tóbi, kí n sanwó kí n gun afárá tí kò dé òdìkejì? Ṣé kí n wá máa lúwẹ̀ẹ́ ìyókù ni?”

Nîmes ni tirẹ̀. Ó ní pápá ìṣeré tí àwọn ará Róòmù kọ́ síbẹ̀ ti ń lọ sí 2,000 ọdún, èèyàn bí 24,000 ló ń gbà, wọ́n ṣì ń bá akọ màlúù jà nínú rẹ̀ di òní. Mo ní màlúù tó ń lé èèyàn, ọ̀fẹ́ là ń wò ó ní Kárà. Mo ní ẹ wo àmì ìlú wọn ná: ọ̀nì tí wọ́n so mọ́ igi ọ̀pẹ! Ta ní í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ìlú ọ̀nì?

Owó òtẹ́ẹ̀lì ló borí mi. Oṣù Keje ni, ìgbà tí àwọn òṣèré orí ìtàgé máa ń ya bo Avignon, iye tí wọ́n pe yàrá níbẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí. Bàbá Tóbi gba yàrá sí Nîmes. Nígbà tó rí i pé ojú mi fà ro, ó ní òun ti rí ohun tí yóò tẹ́ àwa méjèèjì lọ́rùn. Pont du Gard, afárá tí àwọn ará Róòmù fi gbé omi láti Uzès lọ sí Nîmes, àárín Nîmes àti Avignon ló wà. Ìpele mẹ́ta ni, ó ga tó mítà 49. Ó ní a ó kọ́kọ́ wo ìyẹn, a ó sùn ní Nîmes, bí ilẹ̀ bá mọ́ a ó yà sí Avignon. Ibùdókọ̀ ojú irin kan sì wà tó ń jẹ́ Nîmes Pont-du-Gard.

“Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ibi méjì!” Ó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì fẹ́ra bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé Bàbá Tóbi ti gbé Kútọnu rí, ó ń kó mọ́tò tòkúnbọ̀. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ohun kan wà ní èdè Faransé tí òun kò gbọ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, oko ni mo rí. Ibùdókọ̀ náà dára, ó mọ́ tónítóní, ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n Nîmes kò sí níbẹ̀, afárá kò sí níbẹ̀. Ìlú wà níwájú, ó tó kìlómítà 12. Afárá wà lọ́nà ibòmíràn, ẹsẹ̀ ò lè gbé èèyàn débẹ̀. Oòrùn ń ta wá lórí. Bàbá Tóbi ka orúkọ ara ògiri, ó wo oko, ó tún orúkọ náà kà.

Ó lọ da Faransé Kútọnu bo bàbá arúgbó kan. Bàbá yẹn na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀. Òkè ni rélùwéè ayára gbà, èyí tó ń dúró ní ìlú kéékèèké ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí a ṣe dé ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ kan dé, Bàbá Tóbi bá já wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àpótí.

Mo rí Avignon gbàgàdà lára pátákó. Mo gbé kúlà mi, mo wọlé, mo jókòó, mo yọ ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mi.

Kò pẹ́ tí omi rẹpẹtẹ fi yọ lójú fèrèsé. Bàbá Tóbi dìde dúró.

“Ìyá Tóbi, Nîmes ò ní odò!”

Mo ní, “Bàbá Tóbi, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Faransé.”

Ẹ̀kejì odò ni Tarascon wà, ibẹ̀ ló wọ́ mi bọ́ sílẹ̀. A ò tíì dé Avignon, a ti kúrò ní Nîmes. Ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìnwá ọ̀la, ìyẹn bí ebi bá ń pa èèyàn. Gbogbo ilé oúnjẹ tí a yà, wọ́n ti fọ ìkòkò, torí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá jẹun kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ó di alẹ́. A lọ jókòó sí iwájú ààfin ọba René létí odò, mo ṣí kúlà, a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mọ́ínmọ́ín ìsọmọlórúkọ. Àwọn òyìnbó tó ń kọjá ń kí wa.

Nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n gbé ère ẹranko kan sí: orí kìnnìún, ẹsẹ̀ mẹ́fà, igbá ìjàpá lẹ́yìn. Tarasque ni wọ́n ń pè é. Ìtàn wọn ní èèyàn ló ń pa jẹ, àfìgbà tí Màtá Mímọ́, arábìnrin Lásárù inú Bíbélì, wọ́n omi mímọ́ sí i lára, tó sì fi àmùrè ara rẹ̀ so ó mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Màtá ló kọjú sí ààfin yẹn! Inú mi dùn, mo fọwọ́ nù, mo wọlé. Mo bẹ Màtá kí ó jọ̀wọ́ sọ irú àmùrè tó lò fún mi, ọkọ mi ló jókòó síta yẹn.

Ilẹ̀ ń ṣú lọ kí a tó dé Nîmes. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pápá Róòmù. Ọ̀nì nìkan la rí, wọ́n fi bàbà ṣe é mọ́ ojú títì káàkiri.

Ọmọbìnrin tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Ó bi wá pé kí la fẹ́ wò lọ́la. Bàbá Tóbi ní Pont du Gard. Ó ní kò sí wàhálà, bọ́ọ̀sì wà láàárọ̀ tí yóò já wa sí Pont du Gard.

Mo yára dá sí i: “Ìdí afárá gan-an ni, àbí ibi tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀?”

Ẹ̀rín pa ọmọ náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dà bí pé kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ bi í. Bàbá Tóbi gba kọ́kọ́rọ́, ó gun òkè lọ, ó fi àpótí méjèèjì sílẹ̀ fún mi.